Òkun àti Ará Abẹ́òkúta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ohun Tí À Ń Rí Gbà Nínú Òkun àti Ìdọ̀tí Tó Ń Bà Á Jẹ́

Irú ìbéèrè tí àwọn ará ìlú máa ń béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ òkun bá jẹ yọ nídìí àtẹ ẹja, nídìí ìkòkò aró, tàbí nígbà tí òjò bá kó ọ̀rá dí ojú gọ́tà ni a kó jọ síbí yìí. A dáhùn wọn bí a ti mọ̀ ọ́n, a sì sọ èrò ọkàn wa níbi tó bá yẹ.

Abẹ́òkúta kò sí létí òkun. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òkun?

Lóòótọ́, ẹni tó bá gun orí Olúmọ kò lè rí òkun láti ibẹ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa rí lọ rẹrẹ, àti Odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Odò yẹn gan-an ló so wá mọ́ òkun. Láti agbègbè Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣàn bọ̀, Odò Ọ̀yán dà pọ̀ mọ́ ọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba abẹ́ afárá Láfẹnwá kọjá, ó gba Ìṣẹ́rí wọ inú ọ̀sà Èkó, ọ̀sà náà sì ṣí sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ohunkóhun tó bá lè léfòó tàbí tó bá lè yòrò, tí a sì jù sínú gọ́tà ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà òkun ló mú pọ̀n. Kò tiẹ̀ yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní etíkun rárá, nítorí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside kan Àtìláńtíìkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá kò dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní Ìjẹjà tàbí ní Adátán lálẹ́ òní, àfàìmọ̀ ni kò ní bá nǹkan òkun nínú rẹ̀.

Ẹja tí à ń rà ní ọjà Kútọ̀, ṣé Èkó ni wọ́n ti ń pa á?

Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ẹ wo àtẹ ìyá ẹlẹ́ja kan láàárọ̀: páálí tó gbé kalẹ̀ ṣì ń rú èéfín òtútù, ẹja inú rẹ̀ ti dì mọ́ra bí òkúta, ó ń fi ẹ̀yìn àdá gbá a kó lè tú, yìnyín àti ìpẹ́ sì ń ta sí aṣọ ẹni tó bá dúró nítòsí. Ẹja inú páálí yẹn ti rin ìrìn àjò tí ẹni tó ń rà á kò rìn rí. Titus jẹ́ ẹja omi tútù ti apá àríwá Àtìláńtíìkì. Kòtè sábà máa ń wá láti etíkun bíi ti Moriténíà àti Nàmíbíà. Òkàpọ́rọ́kọ́ ni ẹja tí wọ́n so rọ̀ sórí igi ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, tí afẹ́fẹ́ tútù gbẹ láìsí iná, láìsí iyọ̀. Àwọn apẹja tiwa, àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìjẹ̀bú etí omi, ni wọ́n ń pa púpọ̀ nínú edé, akàn àti àwọn ẹja yíyan tí à ń fi se ẹ̀fọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú adágún lẹ́yìnkùlé wọn kò bá òkun tan. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ẹja tí wọ́n ń rà. Ẹja òkun kéékèèké tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, sábà máa ń wà nínú ohun tó mú kí àrọ̀ náà tètè sanra.

Yàtọ̀ sí ẹja, kí ni a tún ń rí gbà nínú òkun?

Ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iyọ̀. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Ní Ada ní orílẹ̀-èdè Gánà, lẹ́bàá ọ̀sà Songor, oòrùn ni wọ́n ń fi gbẹ omi náà títí iyọ̀ yóò fi kù sílẹ̀ funfun báláú.

Epo rọ̀bì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú epo tí Nàìjíríà ń tà kì í ṣe inú ilẹ̀ gbígbẹ ló ti ń jáde mọ́. Ibùdó Bonga, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè epo ní ọdún 2005, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 120 sí etíkun, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ. Yanrìn òkun náà wà níbẹ̀: òun ni wọ́n wà láti fi kó ilẹ̀ sórí omi ní Eko Atlantic. Kí bíríkìlà má ṣe tìtorí èyí lọ bu ú bù fún kọnkéré o. Bí wọn kò bá fọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, irin inú ilé náà yóò dípẹtà.

Nǹkan tí àwọn baba wa mọ̀ dájú nípa òkun wà lọ́rùn àwọn ìjòyè wa títí di òní. Iyùn gidi kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe dígí. Ẹranko kéékèèké inú òkun ló ń kọ́ ọ bí ilé, ọ̀nà jíjìn bíi Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n sì ti ń kó pupa rẹ̀ wá. Owó ẹyọ ńkọ́? Ìkarawun ìgbín òkun ni. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kó o láti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kẹ́ kan, tí a fi ń ka 20,000 títí di òní, àpò owó ẹyọ ni. Bí a bá ń ṣírò ní èdè wa, nǹkan òkun ni a ń kà láìmọ̀.

Oògùn náà ń bẹ níbẹ̀. Cytarabine, tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ara ẹ̀dá òkun kan tó dà bí kànrìnkàn ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe é. Ewéko òkun ni wọ́n sì ti ń yọ ohun tó ń mú kí ọṣẹ ìfọyín àti áísíkiriìmù ki.

Èyí tó kẹ́yìn máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, wáyà tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ló gbé e wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà bíi mélòó kan já lẹ́bàá etíkun Abidjan. Ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, fóònù sì ń yí lójú kan náà. Àwọn tó ń fi ẹnu bú báńkì lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé òótọ́ ni pé òkun ló ń fún wa ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí?

Apá kan rẹ̀ ni. Àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n léfòó sójú òkun, ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ́síjìn tí à ń ṣe jáde láyé. Igbó ló ń pèsè púpọ̀ nínú ìyókù.

Ṣé ẹja lè tán nínú òkun?

Gbogbo ẹja kò ní tán lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n irú ẹja kan lè dínkù títí tí kò fi ní yẹ fún pípa mọ́. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2024 pé, nínú gbogbo ọ̀wọ́ ẹja òkun tí wọ́n ń ṣọ́, 37.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ènìyàn ń pa ju bí ó ti lè bí sí i lọ. Ìròyìn kan náà ni ó sọ pé ní ọdún 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́, iye ẹja àti ẹ̀dá omi tí à ń sìn ju iye tí à ń pa nínú omi lọ. Tí ìdọ̀tí bá tún wá lé ẹja kúrò níbi tó ti ń yé ẹyin, pàápàá ní ọ̀sà àti nínú igbó ẹ̀gbà tó wà létí omi, ọ̀rọ̀ náà di méjì léra wọn.

Báwo gan-an ni ọ̀rá tí mo jù sílẹ̀ ní ìgboro ṣe máa dé òkun?

Ẹ mú ọ̀rá omi kan, irú èyí tí a fi eyín já igun rẹ̀, tí a mu omi rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, tí a sì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òjò àkọ́rọ̀ yóò gbá a sínú gọ́tà. Bí gọ́tà náà bá ṣì ní àyè, ọ̀rá náà yóò bá omi lọ sínú Sókorí tàbí odò kékeré mìíràn tó wà láàárín ìlú, Sókorí yóò sì gbé e fún Odò Ògùn. Bí gọ́tà bá ti dí, omi yóò kọ̀, yóò wọ ilé ẹni tí kò ju ọ̀rá. Mo ti rí i lójú ara mi lẹ́yìn òjò kan tí gbogbo àgbàlá wa kún fún ọ̀rá tí kò sí ẹni tó mọ ilé tí ó ti wá. Àwọn tó ń bínú sí ìjọba nípa àgbàrá, tí wọ́n sì tún ń ju ọ̀rá láti ojú fèrèsé ọkọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn kẹ́dùn púpọ̀.

Bí ọ̀rá bá dé òkun, kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ. Oòrùn àti ìgbì á gún un sí wẹ́wẹ́, títí tí kò fi ní tó ìwọ̀n mílímítà márùn-ún, tí yóò sì máa kéré sí i. Ẹja á rò pé oúnjẹ ni. Ìjàpá òkun máa ń jẹ ọ̀rá odindi, nítorí ó jọ ẹ̀dá òkun kan tó rọ̀ bí ògì dídì, tí í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rá á dí ìfun rẹ̀, ebi á sì pa á pẹ̀lú ikùn kíkún. Ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 19 sí 23 ike àti ọ̀rá ló ń wọ odò, adágún àti òkun lọ́dọọdún. Láti orí ilẹ̀ sì ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe láti inú ọkọ̀ ojú omi.

Omi aró adìrẹ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí a pa iṣẹ́ ìyá wa tì ni?

Rárá o. Abẹ́òkúta láìsí adìrẹ kì í ṣe Abẹ́òkúta mọ́, ẹni tó bá sì ń pe àwọn aláró ní ọ̀tá òkun kò rò ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ohun tó ti yí padà nínú iṣẹ́ náà. Aró àtijọ́ jẹ́ ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n sá, tí wọ́n wá rẹ sínú omi eérú tí wọ́n sẹ́. Bí wọ́n bá da àṣẹ́kù rẹ̀ nù, ewé àti eérú ni. Aró tí à ń lò lónìí jẹ́ ti ilé iṣẹ́, a sì ń fi sódà líle àti ìyẹ̀fun tí àwọn aláró ń pè ní háídírò pò ó kí àwọ̀ lè wọ aṣọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá dé Ìtòkú lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ yóò rí i pé àwọ̀ omi gọ́tà kì í ṣe ọ̀kan: ibì kan á dúdú bí ayìn, ibòmíràn á pọ́n bí osùn, òórùn tó ń gún imú á sì máa tẹ̀ lé e. Sódà yẹn máa ń mú kí omi le débi pé ó lè bó ara ẹja kékeré. Háídírò sì máa ń gba ọ́síjìn inú omi, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn náà ni ẹja ń mí. Àwọ̀ tó bo ojú odò kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé dé ọ̀dọ̀ ewéko inú omi. Kí omi náà tó dé òkun, ó ti là púpọ̀. Odò tiwa ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, àti àwọn tó ń fi omi odò náà wẹ̀ tàbí tí wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe nídìí iṣẹ́ yìí kò nira. Kí aláró má ṣe da aró tó bá kù nù lójoojúmọ́. Omi náà ṣì lágbára, ó lè gba aṣọ àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n bá fi aró díẹ̀ kún un. Kí wọ́n wọn sódà dípò fífi ọwọ́ bù ú. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbàlá kan bá parapọ̀ gbẹ́ kòtò kan tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, tí omi aró lè sùn sí kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀, omi tó máa jáde lẹ́yìn náà yóò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ìyá àgbàlagbà kan nìkan ru ẹrù yìí. Ìjọba tó ń fi adìrẹ yangàn fún àlejò ló yẹ kó gbẹ́ kòtò náà.

Epo rọ̀bì tó ń dà sínú òkun, ṣé ó kan Èkó àti wa?

Ó ti kàn wá rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1998, páìpù kan bẹ́ ní ibùdó Idoho létíkun Akwa Ibom, nǹkan bíi 40,000 àgbá epo sì dà sínú omi. Ìgbì òkun gbé e gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn títí ó fi dé etíkun Èkó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, nǹkan tó sún mọ́ iye kan náà dà nù ní Bonga. Epo tó bá bo ojú omi á lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, á pa ẹyin ẹja, á sì wọ inú ẹrẹ̀ abẹ́ igi ẹ̀gbà, níbi tí ó ti lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwa tí a wà lókè náà ní tiwa. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ń tú jáde lábẹ́ ọkọ̀, tó ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí òjò ń fọ̀ lọ, kò yàtọ̀ sí epo Idoho lójú ẹja.

Mo ra ẹja kan tó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Ṣé ó tún ṣeé jẹ?

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ọjọ́ kan, mo sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé mo ti pàdánù owó mi. Ọ̀nà méjì ni irú òórùn bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wá. Ó lè jẹ́ pé inú omi tí epo ti dà sí ni ẹja náà gbé. Epo á wọ inú ọ̀rá ara rẹ̀, nítorí náà kò sí iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó sì lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ tó ń kó kẹrosíìnì ni wọ́n gbé e sí, tàbí pé ike àti táyà ni wọ́n fi dáná yan án. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ fi imú gbọ́ òórùn ẹja kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì jẹ́ kí ojú ìyá ẹlẹ́ja tì yín.

Wọ́n ní májèlé mẹ́kúrì wà nínú ẹja òkun. Ṣé kí a má jẹ Titus mọ́?

Ẹ máa jẹ Titus yín. Mẹ́kúrì máa ń pọ̀ sí i láti ara ẹja kékeré lọ sí ara ẹja ńlá tó jẹ ẹ́, torí náà inú àwọn ẹja apẹran ńláńlá tó ti pẹ́ láyé ló ti máa ń pọ̀ jù. Titus, kòtè àti edé kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, mẹ́kúrì inú wọn kì í sì í pọ̀.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ṣá. Ní ìlú Minamata ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé iṣẹ́ kan ń da omi tó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì. Ní ọdún 1956 ni wọ́n tó mọ̀ pé àrùn náà ti wọ ara ènìyàn, ó sì lé ní 2,000 ènìyàn tí ìjọba wọn jẹ́rìí sí pé àrùn náà mú.

Òkun tóbi, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣé kò lè fọ ara rẹ̀ mọ́?

Òkun bo ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ayé, ó sì ní agbára láti jẹ ìdọ̀tí tó bá lè jẹrà. Iyọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe ọ̀rá ní nǹkan kan, kò sì lè pa mẹ́kúrì. Lẹ́yìn náà, etíkun ni púpọ̀ nínú ìdọ̀tí ti ń kó jọ; etíkun kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń bímọ. Ẹ tún rántí èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́ọ̀nù tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ ni òkun ń gbé mì, omi rẹ̀ sì ń kan sí i, èyí tó ń mú kó ṣòro fún akàn, ìgbín òkun àti iyùn láti kọ́ ìkarawun wọn.

Ẹbọ tí wọ́n ń gbé fún Yemọja, ṣé kò ń ba odò jẹ́?

Odò Ògùn ni ilé Yemọja, Yèyé ọmọ ẹja, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Brazil sì gbé e dé etíkun, níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ ní Salvador ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdọọdún. Ẹ̀kuru, àgbàdo, igbá àti òdòdó á jẹrà. Ìgò lọ́fínńdà, ike àti ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹbọ kò lè jẹrà. Ní Salvador náà, wọ́n ti ń bẹ àwọn ènìyàn pé ohun tó lè jẹrà nìkan ni kí wọ́n gbé lọ. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹja, èmi kò rò pé yóò fẹ́ ọ̀rá.

Ṣé òfin kankan wà?

Ó wà. Nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Kókò, ní ibi tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó sọ kíkó irú rẹ̀ wọlé di ọ̀ràn ńlá. Àjọ NOSDRA, tó ń mójú tó epo tó bá dà nù, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. NESREA, tó ń rí sí òfin àyíká, tẹ̀ lé e ní ọdún 2007. Ní ti àwọn ọkọ̀ òkun, àdéhùn àgbáyé MARPOL ti ọdún 1973 ti kà á léèwọ̀ fún wọn láti ju ike sínú omi. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ tó lè dúró sẹ́nu gbogbo gọ́tà.

Níbo ni kí n wá kó ìdọ̀tí ilé mi sí?

Ìgò ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní oníbàárà: àwọn tó ń fi àpò ńlá kó ike káàkiri àdúgbò yóò gbà á, bí ẹ bá ti kó o jọ síbi kan, tí kò sì ní ọbẹ̀ tàbí epo nínú. Ọ̀rá omi kò ní oníbàárà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, ó sì sábà máa ń dọ̀tí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, tí ẹ sá a, tí ẹ sì kó o sínú àpò ìrẹsì títí tí yóò fi kún, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni rà á. Ọ́ìlì ọkọ̀ dúdú, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ dá a padà fún mẹkáníìkì yín, torí àwọn kan wà tó ń rà á. Bátìrì ọkọ̀ ní tirẹ̀, ẹ má ṣe fọ́ ọ nílé: ásíìdì àti òjé ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò sì gbà á bó ti wà.